Ẹ Má Gún Un Lápá Òsì

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra kóòtù kan tó tóbi ju ara mi lọ. Tíì ló bí mi nínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ iṣẹ́, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì po tíì fún mi, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí mi. Ọwọ́ òsì! Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Èsìé, tí ìyá mi máa ń gbá lọ́wọ́ bí mo bá fi òsì gba iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, mo dúró, mo ń wo ife náà bí ẹni tí wọ́n bú. Nígbà tó yá ni mo rí i pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ń fi òsì na nǹkan sí àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀sì, àgbàlagbà náà sì ń dúpẹ́. Mo gba tíì náà ṣá. Ọ̀tún ni mo fi gbà á, torí èmi mọ ilé tí mo ti wá.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Òmù-Àrán kí n tó gbéra, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àná ni wọ́n bí mi. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á fa ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, á fọ̀ ọ́, á sì dá a padà sí wọn lára. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí wọn á fi rí i pé mo mọ̀ ọ́n lò. Èmi tí mo ti gún ọmọ ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ kò nípọn ju òwú lọ! Mo ń nu àga, mo ń gbé omi, mo ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Inú ń bí mi láti àárọ̀ títí wọn á fi ní kí n máa lọ sílé.

Bàbá kan wà láàárín àwọn aláìsàn náà tó ti fi ìgbà kan wa bọ́ọ̀sì. Mo lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, mo mú apá òsì nítorí òun ló sún mọ́ mi. Bàbá yìí fa apá rẹ̀ yọ bí ẹni pé mo fẹ́ jí i gbé lọ. Ó pariwo mọ́ mi, "Kì í ṣe apá yìí! Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?" Gbogbo yàrá yíjú sí mi. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó so okùn rọ́bà mọ́ apá ara rẹ̀ lókè ìgúnpá, ó ní kí n wò. Kò pẹ́ tí àwọn iṣan fi yọ lábẹ́ awọ. Ọ̀kan gbéra láti ẹ̀yìn ọwọ́, níhà àtàǹpàkò, ó gba ọrùn ọwọ́ kọjá, ó sì gba etí apá lọ sókè. Èkejì gbéra láti ìhà ìka tó kéré jù, ó fara pamọ́ sẹ́yìn apá kó tó yí wá síwájú. Ẹ̀ka kan dábùú láàárín wọn nínú ìgúnpá, níbi tí gbogbo ayé ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ìyẹn láti ilé ìwé. Mo sì mọ̀ pé apá méjì kì í jọra, pé lára ẹlòmíràn ẹ̀ka tó dábùú yẹn kì í sí rárá. Ohun tí mi ò tíì fojú rí ni ohun tí wọ́n ń fi iṣan àkọ́kọ́ yẹn ṣe.

Ó ní oníṣẹ́ abẹ á gé e nítòsí ọrùn ọwọ́, á wá so ó mọ́ iṣan ńlá tó wà nísàlẹ̀, èyí tí ọkàn ń fi agbára tú ẹ̀jẹ̀ sí. Bó bá ti ṣe díẹ̀, iṣan òkè náà á wú, ara rẹ̀ á nípọn, á lè gba abẹ́rẹ́ ńlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á máa gbà jáde, tí á sì máa gbà wọlé. Ẹni tí kò bá ní iṣan tó dáa, ọrùn ni wọ́n á ti rọ́bà bọ̀ fún un, kòkòrò àìsàn sì fẹ́ràn ọ̀nà ọrùn. Nítorí náà, gbàrà tí wọ́n bá ti rí i pé kíndìnrín ẹnì kan ń kú lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún apá òsì rẹ̀ mọ́, bí ọ̀tún bá ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ṣoṣo lè ba iṣan náà jẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó lókè ibùsùn rẹ̀. Dókítà àgbà tó bá wọlé á kọ́kọ́ ka pátákó yẹn.

Mo padà lọ bẹ bàbá awakọ̀. Ó wò mí títí, ó wá na apá náà sí mi, ó ní kí n fi ìka kàn án. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka mi bí fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bó bá dákẹ́, èmi náà dákẹ́ nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń wo apá. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú ọjà, níbikíbi tí ènìyàn bá ti ká aṣọ, ojú mi á lọ síbẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ máa wò? Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni mo gbà lórí òkè ilé kan, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kí ara wa ju kí a mi orí lọ. Ní Èsìé, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, ènìyàn á ti bi mí bí mo ṣe sùn, ohun tí mo jẹ, àti ìgbà tí mo máa ṣe ìgbéyàwó. Ìbéèrè wọ̀nyẹn máa ń bí mi nínú nígbà náà. Ṣé ẹ rí ayé mi?

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ ìpè. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fọlákẹ́ àbúrò mi á pè mí sórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, á gbé e fún Bàbá. Tíṣà ni Bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń dá oko iṣu títí di àìpẹ́ yìí. Àgbà ìjọ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ìjọ ni kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìsìn bá parí, kí wọ́n bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, àtọmọdé àtàgbà, kí wọ́n pe kálukú lórúkọ. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé ti di bàbá ọlọ́mọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá bọ Bàbá lọ́wọ́, ẹ̀rù ṣì máa ń bà wọ́n díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni wọn ò kà sí. Oògùn rẹ̀, àfìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn.

Fọlákẹ́ ló pè mí lọ́jọ́ tí kì í ṣe Ìsinmi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹsẹ̀ Bàbá wú. Bàtà ò wọ̀ wọ́n mọ́." Mo ní kí wọ́n gbé wọn lọ Ìlọrin. Nígbà tí èsì dé, mo jókòó sórí ibùsùn mi. Kíndìnrín. Àìsàn tí mò ń fojoojúmọ́ tọ́jú lára àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, òun ló lọ bá bàbá mi nílé. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ò tíì kan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kàn án.

Mo ní, "Fọlákẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Apá òsì Bàbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n ti gbà á. Wọn ò gbọdọ̀ gún òsì. Ibẹ̀ ni a máa nílò lọ́jọ́ iwájú."

Ó ní, "Mo ti gbọ́, bọ̀dá mi. Òsì, wọn ò gbọdọ̀ gún un."

Ara tù mí. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó yẹ.

Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fóònù ṣí, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ike omi tí wọ́n gbé kọ́ sára ìṣó ojú fèrèsé. Mo fi ojú tọ rọ́bà rẹ̀ títí mo fi dé ibi tó wọlé. Ọrùn ọwọ́ òsì Bàbá ni, níhà àtàǹpàkò gan-an, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tọ́ka ibẹ̀ fún wọn. Yàrá kún fún àwọn ará ìjọ. Bàbá ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú wọn ń dùn.

Mo pariwo, "Ta ló so omi yẹn?"

Ìyá Òmùpo dá mi lóhùn. Àbúrò tó tẹ̀ lé Bàbá mi ni wọ́n, Òmùpo ni wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n di Mùsùlùmí nílé ọkọ, síbẹ̀ kò sí ọmọ ìjọ kankan tó fẹ́ràn Bàbá mi tó wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Mo dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi, ara wọn wúwo, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni? Mo ní kí Bọ̀dá Sùlé wá fà wọ́n lómi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Kíndìnrín wọn ò lè gbé omi jáde mọ́. Omi náà á kàn dúró sí wọn lára ni. Ẹ sì tún gún òsì! Mo ní kí wọ́n má gún òsì!"

"Òsì kọ́ ni wọ́n máa gún? Ọ̀tún ni ìwọ fẹ́ kí wọ́n gún? Kí ni ẹ̀gbọ́n mi á fi jẹun? Kí ni wọ́n á fi bọ àlejò lọ́wọ́? O ò rí bí ènìyàn ṣe kúnlé ni?"

Mo ń kọ èyí síbí ní Yorùbá ilé ìwé, ṣùgbọ́n Ìgbómìnà tó le ni a ń sọ, mo sì rí i pé bí mo ṣe ń gbóná tó náà ni ahọ́n mi ń padà sí Èsìé tó.

Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa kò ní mọ ohun tó ń ba inú mi jẹ́. Bí ara ènìyàn bá rẹ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ ní bó ṣe ń hàn. Wọn á ní kí wọ́n fà á lómi. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oko jù, wọn á fà á lómi. Ẹni tó sunkún òkú jù, wọn á fà á lómi. Ẹni tó bá gbé ike omi wá fún ọ, ó fẹ́ràn rẹ nìyẹn. Apá òsì ni wọ́n sì máa ń fi sí, kí ọ̀tún lè wà lómìnira. Àwọn òyìnbó dá òsì sí torí kí ènìyàn lè fi ọ̀tún ṣiṣẹ́. Àwa náà ń dá ọ̀tún sí, òsì ni a sì ń fi tọrẹ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń dáàbò bò, ọ̀nà ni kò jọra, bàbá mi ló wá wà ní àárín.

Mo pe Bọ̀dá Sùlé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tó wà lójú ọ̀nà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ti tọ́jú ibà gbogbo wa rí. Mo fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, máà bínú. Mo fẹ́ gún ọ̀tún o. Bàbá fúnra wọn ló fa ọ̀tún sẹ́yìn, wọ́n na òsì sí mi. Tíṣà mi ni wọ́n. Ṣé kí n bá wọn jà ni?"

Nítorí náà, mo pe Bàbá.

Mo ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀gá wa ṣe ṣàlàyé fún mi. Mo ká apá aṣọ mi sókè níwájú fóònù, mo fi okùn rọ́bà so ó, mo fi iṣan náà hàn wọ́n láti àtàǹpàkò dé òkè. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó. Ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá kí mi, òsì ni kí n nà sí i?"

"Ẹ má na nǹkan kan sí wọn, Bàbá. Wọ́n mọ̀ pé ara yín ò yá."

"Kí n káwọ́ lẹ́rán, kí n máa wò wọ́n?"

"Bàbá, ẹ̀mí yín ni mò ń sọ."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n gún òsì mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ méjì.

Láti rí i pé kò sẹ́ni tó máa ba nǹkan jẹ́, mo tún dá ọgbọ́n kan. Mo ní kí Fọlákẹ́ bá àlùfáà sọ ọ́, kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé apá òsì Bàbá ṣe pàtàkì, kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ kí wọn máa ṣọ́ra fún un. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n kéde rẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbàdúrà kíkankíkan fún apá òsì Bàbá. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá sílé, wọ́n da òróró sí i, wọ́n bá ọ̀tá tó wà nínú rẹ̀ wí. Fọlákẹ́ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Òróró kì í ba iṣan jẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ò tọ́jọ́. Ìròyìn ti rìn dé Òmùpo pé apá òsì Bàbá ló ń ṣàìsàn. Ìyá Òmùpo gbéra. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi róòbù wọ́ ọ láti èjìká wálẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí i kó yàtọ̀, wọ́n lọ pe Bọ̀dá Sùlé lọ́jọ́ tí Fọlákẹ́ wà níbi iṣẹ́ ní Òmù-Àrán. Wọ́n ní kó fa omi agbára sínú apá náà gan-an, omi tó pọ́n bí ọsàn yẹn, kó lè lókun. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n sunkún fún un. Ó gún ọrùn ọwọ́, kò ráyè. Ó gún àárín apá, ibẹ̀ wú. Inú ìgúnpá ló ti wá rí i ṣe.

Mo bi Bàbá ìdí tí wọ́n fi gbà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi kúnlẹ̀."

Mo pe Ìyá Òmùpo. Mo bá wọn jà. Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí àbúrò bàbá rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá ní, "Ìwọ lo ránṣẹ́ pé apá òsì ló ní ìṣòro. Ìwọ lo wà lọ́hùn-ún. Àwa la wà níbí. Bí wọ́n bá ń jẹ̀rora, ìwọ kọ́ ló ń gbọ́." Wọ́n pa fóònù.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òun ló sì jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ń dé Èsìé, ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ tí mo wà, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó lókè orí àjèjì, kò sí dókítà tí á kọjá rẹ̀. Ní ilé bàbá mi, ọmọ ni mí. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi dábùú ẹnu ọ̀nà fún àgbà? Bí mo bá wà níbẹ̀, ṣebí mo lè jókòó ti ibùsùn, kí n fi ara mi bo apá náà. Kí ni fóònù lè bò? Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá wa fọwọ́ sí i pé mo lè máa gún abẹ́rẹ́. Bàbá awakọ̀ ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà yẹn ṣe é, ó máa ń fọwọ́ pẹ̀lẹ́ wá iṣan." Mo gún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tú sínú rọ́bà wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ fajú ro. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, ó sì ń bí mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún níbẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀rọ, wọ́n gbé Bàbá lọ bá oníṣẹ́ abẹ ní Ìlọrin. Fọlákẹ́ gbé fóònù dání kí n lè máa wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá kó tó ṣe nǹkankan, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó so rọ́bà mọ́ apá òsì, ó dúró. Ó fi ìka tọ etí apá láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Ìka rẹ̀ dúró. Ó padà sísàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ tún dúró níbẹ̀. Mo ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Iṣan yìí ti le, ó ti dí. Èyí tó wà lókè náà ti bàjẹ́."

Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń rí òrùlé, mo ń rí ilẹ̀. Mo gbọ́ tí dókítà ń so rọ́bà mọ́ apá kejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ọ̀tún yìí dáa. Ó dáa gan-an ni."

Bàbá ní, "Ọ̀tún kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ibẹ̀ ni a máa ṣe é. Ẹ ò gbọdọ̀ fi gbé ẹrù mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí kó dì í mú le. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ ò ní lè mì í."

"Kí ni n óò máa fi kí ènìyàn?"

Dókítà wo Fọlákẹ́, Fọlákẹ́ sì yí fóònù sọ́dọ̀ mi, wọ́n ń wò mí. Ó ku èmi. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà. Òsì ni kí ẹ máa fi kí wọn. Gbogbo ènìyàn níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n."

Wọ́n ní, "Níbẹ̀ yẹn nìyẹn." Síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀tún ni wọ́n fi fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, mo gbọdọ̀ sọ ìyẹn. Iṣan náà wú bó ṣe yẹ kó wú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, Fọlákẹ́ pè mí nígbà tí mo wà ní ìsinmi ọ̀sán nínú yàrá kékeré tí a ti ń mu tíì. Bàbá jókòó lórí àga ńlá, abẹ́rẹ́ méjì wà lápá ọ̀tún wọn, rọ́bà méjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sínú ẹ̀rọ, ó sì ń gbé e bọ̀. Mo wo ibi tí wọ́n gún. Wọ́n gún un dáadáa. Àwọn ará ìjọ ti wá láti Èsìé, Ìyá Òmùpo wà ní kọ̀rọ̀ kan, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọn ò jẹ́ wo ojú fóònù.

Àlùfáà wọlé. Ọmọdé ló jẹ́ sí Bàbá, Bàbá ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún jáde bó ṣe máa ń ṣe, kó tó rántí. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Bàbá wò ó. Mo ń sọ nínú mi pé kí wọ́n na òsì, kí wọ́n ṣáà na òsì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Wọn ò nà án. Wọ́n fi òsì sábẹ́ aṣọ tó bo itan wọn, wọ́n sì tẹrí ba fún ọmọkùnrin náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa, bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń ṣe fún tíṣà. Àlùfáà ò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ẹni tó tẹ̀ lé e wọlé, Bàbá tún tẹrí ba fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún gbogbo wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń pe kálukú lórúkọ.

Fọlákẹ́ wá gbé fóònù súnmọ́ wọn. Ó ní, "Bàbá, bọ̀dá mi nìyí." Wọ́n rí mi, ojú wọn là. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n sì tẹrí ba fún èmi náà.

Mo gbé fóònù ti ìgò ṣúgà lórí tábìlì, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù náà, kóòtù iṣẹ́ lọ́rùn mi, ojú mi kan ilẹ̀. Mò ń sọ pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá wa dúró lókè orí mi pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì. Ó bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi, kó lè bá mi wá a.